ÌDÍ TÍ ÌLÚ FI Ń BÉÈRÈ ÌJỌBA ARA RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Pópó Yemọja, Ìbàdàn, sọ. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo olùdìbò ní ìlú àti ní oko.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ èébú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èébú yóò gbọ́ ọ níbòmíràn. Àsìkò ìdìbò la wà, èébú kò wọ́n lọ́jà.

Bí a bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi wá. Wọ́n á ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tí ẹ kò yé sọ pé ìjọba ara-ẹni, ìjọba ara-ẹni? Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ Nàìjíríà ni? Ṣé ogun tí a jà kò tíì tó?" Ẹni tó bi wá bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Ó mọ ohun tí ojú rí láàárín 1967 sí 1970. Ó yẹ ká dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìdáhùn tèmi nìyí. Ìlú kì í déédéé jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ dá ìjọba ara òun ṣe. Ohun mẹ́ta ló máa ń mú un béèrè. Èkíní, wọ́n ń kó èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Èkejì, ẹni tó ń pàṣẹ fún un kì í ṣe ẹni tó fúnra rẹ̀ yàn, kò sì lágbára láti yọ ọ́. Ẹ̀kẹta, bó bá ké, etí tó yẹ kó gbọ́ jìnnà sí i. Owó, àṣẹ, etí. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìlú lè mú un mọ́ra. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bàjẹ́ pọ̀, kò sí ìlú tí yóò gbà á títí.

Ẹ kò sì ní láti rin ìrìn àjò kí ẹ tó rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn wa yìí ni ẹ̀rí. Ìbàdàn ti jẹ ọ̀gá tí àwọn ẹlòmíràn ń sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó sì ti jẹ ẹni tí wọ́n ń jọba lé lórí, tí òun náà ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ìlú tó ti jókòó sí ìhà méjèèjì, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yé e ju ẹnikẹ́ni lọ.

WỌ́N TI SÁ KÚRÒ LÁBẸ́ WA RÍ

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1829. Nígbà tó di nǹkan bí 1840, àwọn jagunjagun wa ló dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá sì rí ìsinmi. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹkùn, tó wá ní kí o máa fún òun lẹ́ran jẹ lójoojúmọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá bi ara rẹ pé kí ni ìyàtọ̀.

Àwọn baba wa rán ajẹ́lẹ̀ lọ sí àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti àwọn mìíràn. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni kó ṣojú Ìbàdàn, kó gba ìṣákọ́lẹ̀, kó sì máa mójú tó ìlú. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ènìyàn gidi. Ọ̀pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ ń jẹun, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹun, ìlú ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ á rí ewúrẹ́ lójúde, á mú un lọ. Á rí ìyàwó oníyàwó, á ní òun fẹ́ ẹ. Ta ni ìlú fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ìbàdàn tó rán ajẹ́lẹ̀ wá náà ni! Owó, àṣẹ, etí: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bàjẹ́.

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí dìde, ó pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú rẹ̀. Ìlú kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n da ọwọ́ pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ogun Kírìjì nìyẹn. Ibùdó ogun náà ni Ààrẹ Látòósà tiwa kú sí ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà yóò máa ṣe ìjọba ara wọn. Síbẹ̀, ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú pátápátá.

Mi ò pa ìtàn yìí láti fi bú àwọn baba wa. Akọni ni wọ́n, ọmọ wọn sì ni wá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe àìní ìbọn ló gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ewúrẹ́ tí wọ́n fipá mú ló gbà á. Bó bá jẹ́ pé ajẹ́lẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́ tòótọ́, tó ń gba ìwọ̀nba tó yẹ kó gbà, bóyá ọ̀rọ̀ náà kì bá tí dé ojú ogun.

Ó WÁ KAN ÀWA NÁÀ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, àwọn ìjòyè Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn. Nígbà tó di 1914, òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Captain Ross di ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fún gbogbo agbègbè Ọ̀yọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1931. Ètò tirẹ̀ ni pé Ìbàdàn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ Aláàfin nínú ohun gbogbo. Wọ́n yọ Baálẹ̀ Ṣítù lóyè ní 1925. Ẹ mọ ọmọ tani Ṣítù í ṣe? Ọmọ Ààrẹ Látòósà ni! Bàbá kú sí ibi tó ti ń du kí Èkìtì má bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ọmọ pàdánù oyè nígbà tí Ìbàdàn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ayé ń yí.

Kì í ṣe pé Ìbàdàn kórìíra Ọ̀yọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ọ̀pọ̀ agboolé níhìn-ín ló lè sọ pé Ọ̀yọ́ ni baba ńlá àwọn ti wá. Ohun tí Ìbàdàn kọ̀ ni pé kí a máa jókòó sí Mápó kí àṣẹ máa ti ibòmíràn wá. Gbọ̀ngàn Mápó gan-an, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Ẹ wo bí ó ti ga tó lórí òkè yẹn, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀! Ilé ńlá ni, ṣùgbọ́n fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ tí ilé náà fi dúró, àṣẹ tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìwọ̀n ilé.

Àwọn ìjòyè wa kò gbé ìbọn nígbà yìí. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n rán aṣojú, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé dá ẹgbẹ́ Ibadan Progressive Union sílẹ̀ ní 1930, wọ́n sì tẹra mọ́ ọn. Ní 1934, ìjọba yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀. Ní 1936 ni orúkọ oyè Baálẹ̀ di Olúbàdàn, Ọba Okùnọlá Àbáàsì sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ náà. Orúkọ tí a ń fi yangàn lónìí, inú ìjàkadì fún ìjọba ara-ẹni la ti rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ènìyàn máa béèrè ìjọba ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀tẹ̀, ẹ bi í pé ṣé ọlọ̀tẹ̀ ni àwọn tó sọ Baálẹ̀ di Olúbàdàn.

Ẹ má sì gbàgbé apá kejì. Nígbà tí Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1934, àwọn ìlú Ọ̀ṣun ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, wọ́n ń sanwó orí sínú àpò tí ọwọ́ wọn kò tó. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ kan náà tí a sọ fún Ọ̀yọ́. Ṣé inú Ìbàdàn dùn? Rárá o. A bínú, a pariwo pé wọ́n fẹ́ gé ọwọ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀. Lónìí, ará Ìbàdàn ń lọ sí Òṣogbo, ará Òṣogbo ń ná Ọjà'ba, kò sí ẹni tó pa ẹnìkejì. Ọmọ Ìbàdàn kan náà tó bínú sí Ọ̀ṣun nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè fún Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn báyìí. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo kàn ní ká rántí ni.

OHUN TÍ ÌWỌ̀-OÒRÙN FI ÌJỌBA ARA-ẸNI ṢE

Ẹ jẹ́ ká gbé ojú sókè díẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn, ká wo gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Láti 1954 ni òfin tuntun ti fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà lágbára púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1957, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni. Àríwá ní òun kò tíì ṣe tán, wọ́n dúró dè é, ó gba tirẹ̀ ní 1959. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa: ọ̀kan yára, èkejì rọra, ilé kò sì tú nítorí ìyẹn.

Kí ni Ìwọ̀-Oòrùn fi agbára yẹn ṣe? Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ ìyá elélùbọ́, gbogbo wọn gbé síléètì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, Ìbàdàn níhìn-ín ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1965, Ilé Kòkó parí ní Dùgbẹ̀. Orúkọ ilé yẹn ti sọ ibi tí owó ti wá. Owó kòkó ni. Àgbẹ̀ gbìn ín, wọ́n tà á, owó rẹ̀ kò sì rìn jìnnà kó tó padà wá.

Òfin ọdún 1960 àti ti 1963 tún sọ pé ìdajì owó tí ìjọba bá rí lórí ohun àlùmọ́ọ́nì yóò padà sí ẹkùn tí wọ́n ti wà á. Ìdajì! Lónìí, ohun tí òfin sọ ni pé kò gbọ́dọ̀ dín ní 13 nínú 100. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá ta ẹrù 100 náírà ní oko rẹ, tẹ́lẹ̀ wọ́n á fún ọ ní 50. Nísinsìnyí ó di 13. Ẹ wá ń bi àwọn ará ibi tí epo ti ń jáde pé kí ló ń bí wọn nínú?

Báwo ni agbára ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní oṣù karùn-ún 1962, lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì yan alábòójútó lé wa lórí. Ní 1963, àwọn ará Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn dìbò pé àwọn fẹ́ ẹkùn tiwọn, wọ́n sì gbà á láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kìn-ín-ní 1966, wọ́n gbé òfin 34 jáde ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún. Òfin yẹn pa àwọn ẹkùn rẹ́, ó ní ìjọba kan ṣoṣo la ó máa ṣe. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pa olórí ìjọba, Ironsi, àti Gómìnà wa, Fájuyì, tó gbà á lálejò. Ìbàdàn níhìn-ín ni wọ́n ti wá mú wọn.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1967, wọ́n lọ jókòó ní Aburi ní Gáná, wọ́n fẹnu kò pé kí agbára padà sọ́dọ̀ ẹkùn. Nígbà tí wọ́n délé, kálukú ní bí òun ṣe gbọ́ ọ yàtọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún wọ́n pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ní ọjọ́ 30, Ìlà-Oòrùn ní òun ti di Biafra. Ogun dé. Ó di ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970 kó tó parí, lẹ́yìn tí ìyà àti ebi ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, tí ọmọdé pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bi wá ní ìbéèrè, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí ẹkùn ní agbára, ẹkùn kan kò sọ pé òun ń lọ kó sì lọ. Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo agbára jọ sójú kan, tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, tí ẹni tó ń ké kò rí etí tó gbọ́, ni ilé gbóná. Kì í ṣe ìjọba ara-ẹni ló bí ogun. Àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí rẹ̀ ló bí i.

ÒDODO NÁÀ NI KÁ SỌ

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀ yẹn, èmi náà ti di olóṣèlú tí ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdajì yòókù.

Ìjọba tó sún mọ́ni lè nini lára bí èyí tó jìnnà. Ní 1968 sí 1969, nígbà ìjọba ológun, ìjọba tó wà ní Agodi ni àwọn àgbẹ̀ bá jà. Agodi kò jìnnà sí Akanran, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Owó orí ti pọ̀ lápọ̀jù, owó kòkó kéré, àwọn agbowó-orí ń wọ oko lọ mú ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn kò ní san ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ. Wọ́n wá sí Mápó, ìbọn dún, ènìyàn kú. Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti gba àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn. Ìgbà tí ìjọba gbà láti dín owó orí kù ni ara tó rọ̀ ìlú. Ọmọ Yorùbá ló ń ṣèjọba lé ọmọ Yorùbá lórí nígbà náà, síbẹ̀ owó bàjẹ́, àṣẹ bàjẹ́, etí di.

Bákan náà ni ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ wo àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wà pẹ̀lú Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ní 1961 wọ́n dìbò láti bá Kamẹrúùnù lọ, àdéhùn sì ni pé ìjọba àjùmọ̀ṣe ni yóò jẹ́, kálukú pẹ̀lú ilé aṣòfin tirẹ̀. Ní 1972, wọ́n fagi lé àdéhùn yẹn. Nígbà tó di 2016, àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ wọn ké jáde, wọ́n ní àwọn tí kò gbọ́ èdè àwọn ni wọ́n ń rán wá sí kóòtù àti ilé ìwé. Ìjọba fi ọwọ́ líle dá wọn lóhùn, ó sì di ogun. Ẹ wo Gúúsù Sudan: ó gba òmìnira ní oṣù keje 2011, gbogbo ayé bá wọn yọ̀. Ní oṣù kejìlá 2013, àwọn aṣáájú rẹ̀ dojú ìjà kọ ara wọn. Ẹ sì wo Scotland: Lọ́ńdọ̀nù dá ilé aṣòfin padà fún wọn ní 1999, ní 2014 wọ́n tún ní kí wọ́n dìbò bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Ìpín 55 nínú 100 ní àwọn ń dúró. Ẹni tí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, kì í sábà sáré àtijáde kúrò nílé.

ÀBÚJÁ, AGODI ÀTI KÁNSÙ

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Níbo ni agbára wà lónìí?

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kó ohun tó lé ní 60 jọ tí ó ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lé lórí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ohun àlùmọ́ọ́nì wà níbẹ̀. Gómìnà ni wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá fún láṣẹ lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Àbújá. Nígbà tí àwọn ajínigbé gba oko mọ́ àwọn àgbẹ̀ wa lọ́wọ́, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣí i ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní 2020. Ìgbà tí ẹkún pọ̀ ni wọ́n fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n tún òfin ṣe, ìpínlẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná kó sì pín in fún ara rẹ̀ báyìí, ó sì lè ṣe ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí a bá béèrè dáadáa, ó ń ṣeé ṣe?

Owó ńkọ́? Nínú 100 náírà tí wọ́n bá pín láti àpò àpapọ̀, ìlànà tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ á mú ju 52 lọ, gbogbo ìpínlẹ̀ á pín ju 26 lọ, gbogbo kánsù 774 á pín ju 20 lọ. Ọwọ́ Àbújá wúwo jù, ẹgbẹ́ wa sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: 20 tó jẹ́ ti kánsù yẹn, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ kánsù?

Ìbí yìí ni ọ̀rọ̀ wà o. Kánsù 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 nínú wọn jẹ́ ti Ìbàdàn. Kánsù ni ìjọba tó sún mọ́ Pópó Yemọja jù. Òun ló yẹ kó ko gọ́tà, kó tún ọjà ṣe, kó rí sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àti ilé ìwé ọmọ wẹ́wẹ́. Òfin ní ìlú ló gbọ́dọ̀ dìbò yan àwọn tó ń darí rẹ̀. Kí la wá rí? Láti 2011, àwọn tí Agodi yàn ló ń darí kánsù. Oṣù karùn-ún 2018 ni wọ́n tó dìbò. Ní oṣù karùn-ún 2019, ìjọba mìíràn wọlé, ó tú àwọn tí wọ́n dìbò yàn ká. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó sì di ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021 kí ilé ẹjọ́ tó sọ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sófin. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣèjọba láàárín àkókò yẹn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Aṣọ ẹgbẹ́ yàtọ̀, ìwà jọra.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún sọ pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù, kí gómìnà má sì fi àwọn aláṣẹ onígbà díẹ̀ rọ́pò àwọn tí ìlú yàn. Ìdájọ́ dára. Àmọ́ ìdájọ́ kò lè fúnra rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì. Ènìyàn ló máa jẹ́ kó ṣẹ.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ajẹ́lẹ̀ kò tíì kú. Ẹni tí Àbújá rán sí ìpínlẹ̀ tí ìpínlẹ̀ kò lè dá dúró, ajẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tí Agodi gbé ka orí kánsù yín tí ẹ kò dìbò yàn, ajẹ́lẹ̀ ni òun náà. Kò sì sí bí ẹnu gómìnà ṣe lè mọ́ láti sọ fún Àbújá pé "tú wa sílẹ̀", nígbà tí òun alára di kánsù lọ́rùn mú.

Ẹ BI WỌ́N, Ẹ BI ÀWA NÁÀ

Nítorí náà, ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín, yálà ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì bi í ní ohun mẹ́rin yìí:

Èkíní: Bí o bá dé Agodi, ṣé owó kánsù yóò dé ọ̀dọ̀ kánsù láìku náírà kan?

Èkejì: Ṣé wàá jẹ́ kí a dìbò kánsù ní àkókò rẹ̀, wàá sì gba ẹni tí a bá yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn?

Ẹ̀kẹta: Ṣé wọn yóò máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri kánsù lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, kí ìyá elélùbọ́ lè ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún òun?

Ẹ̀kẹrin: Agbára wo gan-an lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Àbújá, kí lo sì fẹ́ fi ṣe fún wa? Bó bá ní "gbogbo rẹ̀", ẹ mọ̀ pé kò tíì rò ó. Kó dárúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọlọ́pàá ni, iná ni, owó orí ni.

Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkọsẹ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tó ń pín ìyẹ̀fun àti aṣọ dípò ìdáhùn, ẹ gba aṣọ náà bó bá wù yín, ìdọ̀tí lè dé, ẹ lè fi nu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka yín, tiyín ni.

Ẹgbẹ́ wa gbà pé kí ìpínlẹ̀ ní agbára ju bó ti ní lọ, kí Nàìjíríà sì wà ní ìṣọ̀kan bí ọmọ ìyá tó ń gbé ojúlé kan náà, tí kálukú ní yàrá tirẹ̀. A kò fẹ́ ogun. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni kí owó sún mọ́ ẹni tó làágùn fún un, kí àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹni tí ìlú lè yọ, kí etí wà nítòsí ẹnu tó ń ké.

Ẹ fi ìwé ìròyìn yìí pa mọ́. Ẹ má fi pọ́n àkàrà. Bí Ọlọ́run bá fún wa ṣe, tí a bá dé Agodi, tí ẹ wá rí i pé àwa náà rán ajẹ́lẹ̀ sí kánsù yín, ẹ mú un wá, ẹ na ojú ewé yìí sí wa. A kò ní lè sọ pé a kò wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ yẹ káàdì ìdìbò yín wò lónìí, kí ẹ rí i pé ó wà níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ sọ fún aládùúgbò. Ẹ sọ fún àwọn tó wà lóko kí wọ́n wọlé kó tó di ọjọ́ ìdìbò.

Owó wa, kó dé ọ̀dọ̀ wa! Ẹni tí a yàn, òun ni kó ṣe é! Ìbàdàn á gbè wá o!